Ọjọ́ tí Mo Wá Àlàmísì Kiri Ìlọrin

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìlọrin títí di òní, ọ̀rọ̀ kan péré ló máa sọ: "Tíṣà, ṣé ẹ ti rí Àlàmísì?" Àwọn tí mo kọ́ ní kíláàsì ti di bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ. Síbẹ̀, tí a bá pàdé lójú ọ̀nà, wọn á kí mi tán, wọn á béèrè àlàáfíà mi tán, wọn á wá bi mí. Èmi náà á ní mo ti rí i, mo dúpẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ará Ìlọrin ń pè ní Àlàmísì. Mo mọ̀ ọ́n báyìí bí ẹni mowó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, n kò mọ̀ ọ́n rárá, àìmọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà sílé bàbá mi.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn Faransé ti ṣe ìjọba. Yorùbá là ń sọ nílé, Faransé là ń sọ nílé-ìwé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọkàn èmi fà sí. Bàbá mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Èdè méjì kò yó ọ, o tún ń wá ìkẹta kiri." Mo kàwé Gẹ̀ẹ́sì ní Kútọnu, mo gboyè, mo padà sí Kétu láti máa kọ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí a wọ àwọn ọdún 1990, nǹkan le púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Títì ni ilé-ìwé máa ń wà ju ṣíṣí lọ.

Ọkùnrin ará Ìlọrin kan wà tó máa ń kó aṣọ òfì wá tà ní Kétu. Ilé wa ló máa ń sùn. Òun ló sọ fún bàbá mi pé ilé-ìwé kan wà lọ́dọ̀ àwọn, pé ará Gánà tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ti padà sí ìlú rẹ̀, wọn kò sì tíì rí arọ́pò. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Àwọn ará ilé gbàdúrà fún mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà gbàdúrà, ìyá mi sì sin mí dé ìdí mọ́tò tòun ti omijé. Ẹni tí wọ́n bá sin jáde bẹ́ẹ̀ yẹn, ojú wo ló máa fi padà wálé lọ́sẹ̀ kejì láti sọ pé wọn kò gba òun?

Aṣọ́bodè tó yẹ ìwé mi wò ní Ìlárá kí mi dáadáa. Ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, a jọ ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Ìgbà tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ìlọrin ni ọ̀rọ̀ yí padà.

"Mo fẹ́ lọ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ni," mo ní.

Ó kígbe pe ẹnìkejì rẹ̀. "Wá gbọ́ o! Ará Kútọnu fẹ́ lọ kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Inú bí mi, nítorí onínúfùfù ni mí. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà lu ìwé mi ní òǹtẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run máa bá mi lọ, ó sì bá mi bẹ awakọ̀ kan kó gbé mi síwájú. Bí mo ṣe di àjèjì nìyẹn, nínú èdè ìyá mi.

Mo dé Ìlọrin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Oníṣòwò aṣọ òfì náà ti bá mi gba yàrá sílẹ̀ ní Ṣàngó, lọ́dọ̀ opó kan tó jẹ́ ará Ọ̀mù-Àrán, òṣìṣẹ́ ìjọba. Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Ó gún iyán dè mí. Mo kí i bí a ṣe ń kí àgbà ní Kétu, mo sì rí i pé ó ń fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọmọ yìí," ó ní, "bí ìyá tó bí ìyá mi lo ṣe ń sọ̀rọ̀! Mi ò gbọ́ irú Yorùbá yìí mọ́ látìgbà tí wọ́n ti sin wọ́n."

Ó pe àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá gbọ́. Wọ́n wá, wọ́n gbọ́, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo fajú ro díẹ̀, ṣùgbọ́n iyán náà dùn, n kò lè bínú pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, oníṣòwò náà mú mi lọ sílé ẹni tó ni ilé-ìwé. Ó fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ó ń rìnrìn-àjò lọ sí Kánò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gá tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹni tí mo bá nílé, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá ilé-ìwé náà sílẹ̀. Àlájì ni wọ́n ń pè é. Ó jókòó lórí awọ àgbò, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ó ní kí n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi gbẹ mí.

"Gẹ̀ẹ́sì yín dáa, màṣà Allāhu," ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n Faransé ń yọjú nínú ẹ̀. Àwọn òbí á bi mí pé níbo ni mo ti rí yín. Ọkùnrin kan tún ń bọ̀ láti Ọ̀fà, yunifásítì ibí ló ti jáde. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó kọ́ àwọn ọmọ, àwa ó jókòó sẹ́yìn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá yé wọn la ó mú, ìn-ṣà Allāhu."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Ẹ wá ní Àlàmísì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ilé-ìwé ò ṣòroó mọ̀, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló wà. Ẹ sáà má pẹ́ o. Ẹni tó bá pẹ́, mi ò ní dúró dè é."

Bó ti sọ ọ́ tán ni wọ́n pe ìrun, ó dìde, ó gbé bùtà omi, ó jáde lọ ṣe àlùwàlá.

Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní Kétu, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní wọn kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn fadá ni mo dàgbà sí, nínú orúkọ ọjọ́ tí wọ́n ń pè, Jímọ̀ nìkan ni mo mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ Àlájì ṣe dún létí mi ni pé ilé-ìwé rẹ̀ wà ní àdúgbò kan tó ń jẹ́ Àlàmísì, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí n kò sì gbọ́ kó dá ọjọ́, mo gbà pé ọ̀la ló ní lọ́kàn. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tèmi tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí mi náà kò gbọ́ràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Màmá ti jáde lọ síbi iṣẹ́ kí n tó wẹ̀ tán. Mo wọ aṣọ tí ìyá mi rán fún mi, mo dúró sójú ọ̀nà, mo dá takisí kan dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àlàmísì ni mò ń lọ."

Awakọ̀ náà wò mí. "Àlàmísì kẹ̀? Ọ̀la ni, àǹtí."

Mo rò pé ó ń sọ pé ọ̀la ni òun máa ná ọ̀nà ibẹ̀. "Ọ̀la ti pẹ́ jù fún mi. Òní ni mo gbọ́dọ̀ débẹ̀."

"Wàhálà rè é o. Àǹtí, lónìí, Àlàrùba la wà."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ṣàngó ni mo rò pé a wà. "Ṣé Àlàmísì jìnnà sí Àlàrùba ni?"

Àwọn èrò inú ọkọ̀ ti ń fọwọ́ bo ẹnu. Awakọ̀ ní, "Kò jìnnà rárá. Téèyàn bá ti kúrò ní Àlàrùba, òun náà ló kàn."

"Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn ín nígbà náà."

"Ẹ lè rìn, ẹ sì lè jókòó," ó ní. "Ẹ máa débẹ̀ náà ni."

Ẹ̀rín bú nínú ọkọ̀ náà, wọ́n sì wà á lọ. Mo ṣépè fún un lábẹ́ ahọ́n ní Faransé, kó má baà yé e. Ó dùn mí pé n kò padà rí i láti bẹ̀ ẹ́, nítorí òótọ́ pọ́ńbélé ni ọkùnrin náà ń bá mi sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gbogbo mọ́ṣáláṣí tí mo bá rí ni mo ń yọjú sí ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ìlọrin, àdúgbò wo ni kò ní mọ́ṣáláṣí? Mo bi afátáyà kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà léèrè.

"Àlàmísì tó kọjá ni," ó ní, "àbí èyí tó ń bọ̀?"

Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn pé Àlàmísì méjì ló wà: mo ti kọjá ọ̀kan, ọ̀kan ṣì wà níwájú. Mo ní, "Èyí tó bá súnmọ́ jù ni."

"Èyí tó ń bọ̀ ló súnmọ́ jù."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń lọ síwájú. Bí mo ṣe rìn títí mo fi bọ́ sí ọjà Ìpàta nìyẹn, láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń já iṣu. Òógùn ti ba aṣọ ìyá mi jẹ́. Mo wo aago ọwọ́ mi, mẹ́sàn-án ti kọjá tipẹ́. Mo rí Àlájì lójú ọkàn mi, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ará Ọ̀fà wà níwájú, ìjókòó mi sì ṣófo. Mo rí ìyá mi nídìí mọ́tò ní Kétu. Mo jókòó sórí ohun tó wà nítòsí, mo bú sẹ́kún.

"Ta ló jókòó lé mi níṣu?" Ìyá kan tó ń tajà níbẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó rí ojú mi, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Sùbúhánàlláhì! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Àlàmísì ni n kò rí."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo sọ ti ilé-ìwé, mo sọ ti Àlájì, mo sọ pé láti Kétu ni mo ti wá àti pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí lórí iṣu kan náà tó fẹ́ lé mi dìde lórí rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "Àlàmísì kì í ṣe ibi tí wọ́n ń lọ. Òun ló ń wá bá èèyàn nílé. Gbọ́ mi o. Àná, Àtàlátà. Òní, Àlàrùba. Ọ̀la, Àlàmísì. Ọ̀túnla, Jímọ̀."

Ìgbà tó dé orí Jímọ̀ ni iná tàn sí mi. Mo wò ó, ó wò mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú mi. Ìgbà náà ni òun náà tú tirẹ̀ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó kígbe sí gbogbo ìlà wọn: "Ẹ wá wo ọmọ tó ń wá Àlàmísì kiri!" Wọ́n wá. Alábàárù kan sọ ẹrù kalẹ̀ kó lè ráyè rẹ́rìn-ín dáadáa. N kò bínú, ó yà mí lẹ́nu pé n kò bínú. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n ráyè bínú. Iṣẹ́ tí mo ti ń sunkún rẹ̀ kò bọ́ rárá, ó wà níbi tó wà, ó ń dúró dè mí.

Ìyá náà bu omi fún mi, ó já iṣu sísun sí méjì, ó fún mi ní apá tó tóbi. "Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí Àlàmísì rẹ," ó ní. Àṣẹ ni mo ṣe. Títí tó fi darúgbó tó fi ìjókòó ọjà náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, n kò ra iṣu lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Ìpàta.

Nígbà tí Màmá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo ròyìn fún un, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu omijé ẹ̀rín. "O rìn dé Ìpàta! Ilé-ìwé Àlájì? Ẹ̀yìn ilé wa níbí ni. Agogo wọn lò ń gbọ́ láràárọ̀ yẹn." Lẹ́yìn náà ló gba aṣọ ìyá mi lọ́wọ́ mi, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó sì dá àdúrà gígùn kan sí mi lórí.

Àlàmísì wá bá mi nílé lóòótọ́. Mo ti wà lẹ́nu géètì ilé-ìwé kí agogo tó lù. Ará Ọ̀fà náà dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, ènìyàn jẹ́jẹ́, ó kí mi dáadáa. Òun ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, àwọn ọmọ sì ń wò ó tìyanu-tìyanu. Lẹ́yìn náà ó kàn mí.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo ti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe la ẹnu kí wọn ni ọmọbìnrin kan níwájú fọwọ́ bo ẹnu, bí Màmá ti ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Ẹ̀rín náà ràn dé ẹ̀yìn. Inú tún fẹ́ bí mi. Mo rántí Ìpàta, mo rántí pé ẹ̀rín kò pa mí níbẹ̀. Mo gbé ẹ̀kọ́ tí mo múra sílẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn sọ fún wọn pé, lánàá, mo jáde lọ wá Àlàmísì.

Nígbà tí mo dé orí awakọ̀ takisí, kò sí ẹni tó lè jókòó dáadáa mọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, mo wá kọ gbólóhùn mẹ́ta sójú pátákó: Ẹ wá ní Àlàmísì. Ẹ wá ní aago mẹ́sàn-án. Mò ń gbé ní Ìlọrin. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Ọ̀kan ní "in Thursday". Ọ̀kan ní "at Thursday". Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló ní "on Thursday", àwọn tó kù sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n rò pé ó ṣì í.

"Òun ló gbà á," mo ní. "Ẹ wò ó. *Ní* kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ ni o, aago ni o, ìlú ni o, *ní* náà ni. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní *on* fún ọjọ́, *at* fún aago, *in* fún ìlú. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pè mí, tí wọ́n ní kí n wá *on* Àlàmísì, ǹ bá ti mọ̀ pé ọjọ́ ni, ǹ bá jókòó sílé. *Ní* ló gbé mi dé Ìpàta."

Mo ní kí wọ́n máa bi ara wọn ní ìbéèrè, kí wọ́n máa dáhùn. Ìjókòó dé ìjókòó ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń lọ sí ọjà *on* Àtàlátà, wọ́n ń jẹun *at* aago méjì, wọ́n ń bí wọn *in* Ìlọrin àti *in* Ọ̀fà. Nígbà tí agogo lù, wọn kò dìde. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ kíláàsì láti ìgbà náà, jálẹ̀ àwọn ọdún 1990 àti lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì tíì gbàgbé pé wọn kò dìde.

Ẹ̀yìn ni Àlájì wà látòkèdélẹ̀, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó fọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó ń bọ̀ láàárín ìjókòó. Ó dúró níwájú mi, lójú àwọn ọmọ.

"Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà," ó ní. "Ẹ má bínú."

Mo kúnlẹ̀ kíá. Kí àgbà bí irú rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lójú ọmọdé, n kò mọ ibi tí mo lè fojú sí. Ó bi àwọn ọmọ pé ṣé ohun tí tíṣà kọ́ wọn yé wọn. Wọ́n pariwo pé ó yé àwọn. Ó bọ ará Ọ̀fà lọ́wọ́, ó ṣàdúrà fún un, ọkùnrin náà sì kí mi kú oríire pẹ̀lú ọkàn tó mọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, *ẹ* ló ń pè mí, bí a ṣe ń pe àlejò. Ìgbà yìí, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Máa bọ̀ ní Àtìní," ó ní.

Gbogbo kíláàsì ń wò mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, n kò sì fẹ́ tún sọnù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọjọ́ ni, àbí ibìkan?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

"Ọjọ́ ni, ọmọ mi." Ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. "Ibi tí wàá bọ̀ nìyí."